Bí A Ti Ń Kọ Ìwé Ìtọrọ Ìrànlọ́wọ́

Ní ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, orúkọ ara yín ni ẹ kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Nísinsìnyí ìwé mìíràn ń bọ̀ wá bá yín. Ní ọjọ́ kan ẹgbẹ́ yóò ṣe ìpàdé, alága yóò wò yí ká, yóò ní: “Ta ni yóò bá wa kọ ọ́?” Gbogbo ojú yóò sì yí sí ẹni tí ó ti lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ó kọ ni ìwé tí a fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́.

Ìwé yìí kì í ṣe ohun kékeré o. Bí a bá kọ̀wé sí ọmọ wa, tí a tilẹ̀ ṣì í kọ, ọmọ yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wá rí kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ wá ju bébà náà lọ. Bí bébà náà bá sọ̀rọ̀ dáadáa, a lè rí nǹkan gbà. Bí kò bá sọ̀rọ̀ dáadáa, iṣẹ́ tí gbogbo abúlé ti ṣe lè dúró sí ibi tí ó dé.

ABÚLÉ KAN ÀTI ILÉ ÌGBẸ̀BÍ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀. Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn jù jìnnà tó kìlómítà 14. Bí obìnrin bá ń rọbí ní òru, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé e lọ, bí ọ̀kadà bá wà. Àwọn ará abúlé wá fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Baálẹ̀ fún wọn ní ilẹ̀. Olúkúlùkù dá owó. Àwọn obìnrin pọn omi, àwọn ọkùnrin po amọ̀, wọ́n sì mọ ògiri títí ó fi dé òkè. Ibẹ̀ ni owó tán. Ó ku igi àti páànù. Ó sì ku oṣù méjì péré kí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òjò ń ṣe sí ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé. Bí òrùlé kò bá tètè dé, iṣẹ́ ọdún kan yóò padà di ẹrẹ̀.

Wọ́n gbọ́ pé oníṣòwò kan wà ní Ìbàdàn tí ó máa ń ran abúlé lọ́wọ́. Akọ̀wé wọn mú kálàmù, ó kọ báyìí:

“Ọ̀gá wa olówó, ọlọ́lá, ọba láàrin àwọn oníṣòwò, a fi ìrẹ̀lẹ̀ kí yín. Ìyà ń jẹ wá púpọ̀ ní abúlé wa. Ìjọba ti gbàgbé wa. A kò ní omi, a kò ní ọ̀nà, a kò ní iná, a kò ní ilé ìwòsàn. Àwọn obìnrin wa ń jìyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa, ohunkóhun tí ẹ bá ní lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ràn wá lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò san án fún yín.”

Kò sí irọ́ nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò oníṣòwò náà. Ó kà á tán, kò mọ̀ bóyá omi ni wọ́n ń fẹ́ tàbí ọ̀nà. Kò mọ iye owó. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí ti mọ ògiri. Ìwé náà fi wọ́n hàn bí ẹni tí ó káwọ́ lẹ́rán tí ó ń retí àánú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ wọn fi lé. Akọ̀wé wọn ni kò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ máa ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún nígbà tí ó bá ń ka ìwé wa. Ó lè má sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó wà ní ọkàn rẹ̀.

1. Ta ni ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé yìí?
2. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe, ta ni yóò sì ṣe ní àǹfààní?
3. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe?
4. Èló ni ó kù, kí sì ni ẹ fẹ́ kí èmi ṣe nínú rẹ̀?
5. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé nǹkan náà dé ibi tí ẹ wí?

Ìwé tí ó bá dáhùn márààrún ni ìwé tí ó pé. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń gbàgbé, òun gan-an ni ó sì lágbára jù. Àánú lè mú kí ènìyàn mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé a ti gbé ẹrù dé eékún, tí ó ku díẹ̀ kí ó dé orí, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ nà láti bá wa gbé e.

ỌKÙNRIN TÍ Ó KỌ̀WÉ SÍ CARNEGIE

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn ènìyàn dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Booker T. Washington. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, inú ẹrú ni a sì bí òun náà sí ní ìpínlẹ̀ Virginia ní 1856. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ẹrú gba òmìnira ní 1865. Ó kọ́ ìwé pẹ̀lú ìṣẹ́. Ní oṣù Keje 1881 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ènìyàn dúdú ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń fún wọn ní 2,000 dọ́là lọ́dún, ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ nìkan ni ó wà fún. Kò sí owó ilẹ̀, kò sí owó ilé.

Washington yá 250 dọ́là lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, ó fi san apá kan owó oko tí a ti pa tì. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ro ilẹ̀ náà. Wọ́n fẹ́ sun bíríkì tí wọn yóò fi kọ́ ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sun ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó tán. Washington fi aago rẹ̀ ṣe ìdógò, ó gba 15 dọ́là, wọ́n tún un sun ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, bíríkì náà sì jinná. Nígbà tí yóò fi di 1900, ilé tí ó wà nínú ọgbà náà tó 40, kékeré àti ńlá. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọdún náà wọ́n ń fẹ́ ilé ìkàwé. Ọkùnrin olówó kan wà tí ó fẹ́ràn àtimáa kọ́ ilé ìkàwé fún àwọn ènìyàn, Andrew Carnegie ni. Ọmọ ahunṣọ ni ní ilẹ̀ Scotland. Iṣẹ́ irin ni ó sọ ọ́ di olówó ní Amẹ́ríkà. Washington ti kọ́kọ́ rí i ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọkùnrin náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Washington padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún rí ara wọn ní 1900, Carnegie ní kí ó fi ohun tí ó fẹ́ sínú ìwé. Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, a ó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwa. Washington ní akẹ́kọ̀ọ́ àwọn jẹ́ 1,100, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ jẹ́ 86, àwọn pẹ̀lú ẹbí wọn, àwọn ènìyàn dúdú bí 200 sì tún wà ní àyíká. Gbogbo wọn ni yóò lo ilé ìkàwé náà. Ó ní àwọn ti ní ìwé àti àwọn nǹkan kíkà mìíràn tí ó lé ní 12,000, tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ta àwọn lọ́rẹ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó yẹ láti kó wọn sí. Ó ní nǹkan bí 20,000 dọ́là ni yóò kọ́ ilé náà. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sun bíríkì, àwọn ni yóò mọ ọ́n, àwọn ni yóò ṣe iṣẹ́ káfíńtà àti ti alágbẹ̀dẹ. Nípa bẹ́ẹ̀ wọn yóò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, owó tí a bá sì san fún wọn ni wọn yóò fi dúró sí ilé ẹ̀kọ́. Ó tún ní bí Carnegie bá ń fẹ́ àlàyé sí i, inú òun yóò dùn láti fi ránṣẹ́.

Ṣé ẹ rí i? Ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó sọ ohun tí wọ́n ní, ó sọ ohun tí ó kù, ó sì sọ iye rẹ̀. Ó tún fi hàn pé owó kan náà yóò ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kò sunkún, kò sì pọ́n olówó náà lé kọjá bí ó ti yẹ.

Carnegie fèsì pé inú òun yóò dùn láti máa san owó iṣẹ́ náà bí gbèsè rẹ̀ bá ti ń wọlé, títí yóò fi pé 20,000 dọ́là. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò da gbogbo owó náà lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Washington kò sì bínú. Ilé ìkàwé náà dúró. Ní 1903, Carnegie tún fún ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní 600,000 dọ́là. Ẹni tí a fi òtítọ́ hàn nínú owó kékeré ni ó ń fi owó ńlá lé wa lọ́wọ́.

Carnegie kú ní 1919, ṣùgbọ́n àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní 1911, Carnegie Corporation, kò bá a kú. Ó tilẹ̀ ti ran Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́. Irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ kì í wo ojú ẹni. Ìwé ni wọ́n ń wò, ìbéèrè márùn-ún yẹn náà ni wọ́n sì ń bèèrè.

ÌWÉ TÍ Ó DÁRA

Ẹ jẹ́ kí á padà sí abúlé wa tí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ kò ní òrùlé. Bí akọ̀wé bá tẹ̀lé ohun tí a ti kọ́, báyìí ni ìwé rẹ̀ yóò rí. Iye owó inú rẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin yóò lọ bèèrè iye tí ó jẹ́ ní ọjà yín kí ẹ tó kọ tiyín.

(Ní òkè: orúkọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, àti ọjọ́.)

“Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n,

Ìtọrọ páànù fún ilé ìgbẹ̀bí

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ìlọsíwájú abúlé yìí ni a ń kọ̀wé sí yín. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wa jù jìnnà tó kìlómítà 14. Bí obìnrin bá ń rọbí ní òru, orí ọ̀kadà ni ó ti ń rìn ín. Nítorí náà ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìgbẹ̀bí oníyàrá mẹ́rin.

Baálẹ̀ wa ti fún wa ní ilẹ̀. A ti dá ₦850,000, a sì ti fi ra sìmẹ́ńtì, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ọwọ́ ara wa ni a fi mọ ògiri, ó sì ti dé òkè. Ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn yóò fún wa ní nọ́ọ̀sì bí ilé bá parí. Ẹ̀dà ìwé wọn wà pẹ̀lú èyí.

Ohun tí ó kù ni òrùlé. Páànù 120, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦9,000, jẹ́ ₦1,080,000. Igi àti ìṣó jẹ́ ₦420,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000. A ti tún dá ₦300,000 fún èyí, ó wà ní báǹkì. Àwọn káfíńtà abúlé wa yóò kan òrùlé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá ku ₦1,200,000.

A ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa ra páànù 60, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦540,000. A ti kọ̀wé sí àwọn ọmọ wa ní Èkó nítorí ìyókù. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè san owó náà tààrà fún ẹni tí ń ta páànù. Ìwé iye owó rẹ̀ wà pẹ̀lú èyí.

A fẹ́ kan òrùlé náà kí oṣù Kẹta tó parí, kí òjò má baà ba ògiri jẹ́. Ẹ lè wá wo iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí ó bá wù yín. Láàrin oṣù kan tí a bá ti kàn án tán, a ó fi ìwé ìsanwó àti àwòrán ilé náà ránṣẹ́ sí yín.

A dúpẹ́ pé ẹ fi àyè sílẹ̀ ka ìwé wa.

Àwa ni tiyín,
Alága. Akọ̀wé. Akápò.”

Olúkúlùkù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ yóò tẹ ìka.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Nǹkan kan ṣoṣo ni ó tọrọ. Omi àti ọ̀nà ṣì kù ní abúlé yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tiwọn yóò dé. Ẹni tí ó bá tọrọ nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń dá ẹrù ba ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ tún wo páànù 60. Oníṣòwò náà mọ ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká 60, ó lè fún wa ní 20. Ṣùgbọ́n “ohunkóhun tí ẹ bá ní” kò fi ọ̀nà kankan hàn án.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe purọ́. Bí kìlómítà bá jẹ́ 14, ẹ má kọ 40. Bí ẹnìkan kò bá kú, ẹ má pa á sínú ìwé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọjọ́ tí ó bá sì lé e bá, ojú abúlé wa yóò tì, àwọn abúlé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa pàápàá kò ní rí nǹkan gbà mọ́.

Ẹ má ṣe halẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá fi sílẹ̀ yóò rí ìbínú Ọlọ́run. Ẹni tí a ń bẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá.

Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà báǹkì ti ara yín. Nọ́ńbà báǹkì tí ó wà ní orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ, èyí tí ènìyàn méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ní ayé òde òní àwọn gbájúẹ̀ ń fi orúkọ ọmọ òrukàn àti aláìsàn tọrọ owó káàkiri lórí fóònù. Nítorí náà ẹ má bínú bí ẹni tí ẹ kọ̀wé sí bá ń bèèrè ẹ̀rí. Ẹ ti pèsè ẹ̀rí sílẹ̀ kí ó tó bèèrè.

Ẹ má ṣe fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí bébà lásán. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé. Ẹni tí kò mọ ìwé lè gbọ́ ibi tí ó ti wọ́. Akápò yóò tún owó rẹ̀ ṣírò. Lẹ́yìn náà kí ẹ dà á kọ dáadáa sí ojú ewé kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sínú fáìlì ẹgbẹ́. Bí ọ̀nà bá wà, kí ènìyàn méjì mú un lọ fúnra wọn, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà.

BÍ WỌ́N BÁ FÚN WA, BÍ WỌN KÒ BÁ FÚN WA

Bí ìdáhùn kò bá tètè dé, ẹ ní sùúrù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tún kọ ìwé kúkúrú rán an létí. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú níbòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Washington kan náà tí a sọ ìtàn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn nínú òtútù lọ bá ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò fún un ní kọ́bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, 10,000 dọ́là ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn tún wà tí a ń pè ní Collis P. Huntington, olówó ọkọ̀ ojú irin. Dọ́là méjì ni ó fi sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Washington kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ní ìgbà ìkẹyìn, 50,000 dọ́là ni Huntington fún un.

Bí nǹkan bá dé, kí ìwé ọpẹ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí iṣẹ́ bá sì parí, kí ìwé kejì tẹ̀lé e: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, ìwé ìsanwó, àti àwòrán. Bí ₦5,000 bá ṣẹ́kù, ẹ sọ ọ́. Ẹ fi orúkọ ọmọ tí a kọ́kọ́ bí ní ilé náà ránṣẹ́ sí i, bí ìyá ọmọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn.

Ẹ̀yin ará wa, kálàmù tí ó wà lọ́wọ́ yín lè kan páànù mọ́ òrùlé. Ẹ mú un dání dáadáa.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kí ni oníṣòwò Ìbàdàn kò lè mọ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́?
2. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee yóò rí gbà nínú kíkọ́ ilé ìkàwé, yàtọ̀ sí ilé náà fúnra rẹ̀?
3. Nínú ìwé kejì, èló ni abúlé náà ń retí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn ní Èkó?
4. Kí ni ó kù díẹ̀ kí ó parí ní abúlé tàbí àdúgbò yín? Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe sí i ní ìlà márùn-ún.
5. Ẹ fi ìlà márùn-ún yẹn bẹ̀rẹ̀ ìwé kan, kí ẹ sì kà á sí etí ẹgbẹ́ yín.